LÁTI ÈKÓ DÉ ACCRA: WÁKÀTÍ MÉLÒÓ NI?



Ìwé kan tẹ̀ wá lọ́wọ́ láti Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹni tí ó kọ ọ́ bẹ̀ wá pé kí a má ṣe dárúkọ òun, nítorí pé ọ̀rọ̀ inú ilé ni, a ó sì ṣe bí ó ti wí. Àbíkẹ́yìn ìyá wọn, tí ó ń bá ọkọ rẹ̀ gbé ní Accra, ń retí ọmọ ní oṣù tí ń bọ̀, ìyá wọn tí ó ti lé ní ọdún 75 ni yóò sì lọ wẹ ọmọ náà. Lórí bí màmá yóò ti lọ ni gbogbo ilé dàrú sí. Ẹ̀gbọ́n wọn àgbà ní kí màmá wọ ọkọ̀ òfúrufú, nítorí tí a sọ fún un pé wákàtí kan péré ni láti Èkó dé Accra. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin dáhùn pé owó wákàtí kan náà yóò ra aṣọ àti oúnjẹ fún ìyá àti ọmọ fún odidi oṣù, àti pé ọ̀nà ilẹ̀ kò ṣe ènìyàn ní nǹkan. Màmá fúnra rẹ̀, ní tirẹ̀, ní òun ti gun lọ́rì gba ọ̀nà náà kí a tó bí ẹnikẹ́ni nínú wọn, ta ni yóò wá máa fi òpópó han òun?

Bí ẹni pé èyí kò tó, wọ́n wo ìwé ìwọkọ̀ tí ẹ̀gbọ́n mú wá. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọkọ̀ yóò gbéra ní Èkó ní agogo 10:00 òwúrọ̀, yóò sì dé Accra ní agogo 10:10. Nígbà tí màmá bá ń padà bọ̀, yóò gbéra ní Accra ní agogo 11:10, yóò sì gúnlẹ̀ sí Èkó ní agogo 1:20 ọ̀sán. Àbúrò figbe ta pé, “Ẹ ò rí i pé irọ́ ni wọ́n ń pa! Ìṣẹ́jú 10 ni àlọ, wákàtí 2 àti ìṣẹ́jú 10 ni àbọ̀. Ṣé òkè ni wọ́n ń gùn bọ̀ wálé ni?” Ìbéèrè yìí ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí wa, inú mi sì dùn sí i, nítorí pé ó kọjá àwàdà. Ẹ̀gbọ́n kò purọ́, ìwé ìwọkọ̀ kò purọ́, bẹ́ẹ̀ ni ojú àbúrò náà kò sì fọ́.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wọn ilẹ̀ náà. Láti pápá ọkọ̀ òfúrufú Murtala Muhammed ní Ìkẹjà dé pápá Accra, bí a bá na okùn tààrà lójú òfúrufú, nǹkan bí kìlómítà 400 ni. Àwọn tí wọ́n fi máìlì kọ́ ìṣirò ní ilé ìwé bí tiwa yóò pe èyí ní máìlì 249. Ṣùgbọ́n àwọn awakọ̀ òfúrufú kì í lo máìlì ti orí ilẹ̀. Máìlì òkun ni wọ́n ń lò gẹ́gẹ́ bí àwọn awakọ̀ ojú omi, èyí tí ọ̀kọ̀ọ̀kan rẹ̀ jẹ́ mítà 1,852, iye náà lójú wọn sì jẹ́ 216. Nítorí náà bí ẹnìkan bá sọ fún yín pé 216 ni, tí ẹlòmíràn sọ pé 249, tí ẹ̀kẹta sì ní 400, ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n jà. Ọ̀nà kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ń wọ̀n, ọ̀pá ìwọ̀n wọn ni ó yàtọ̀.

Ọ̀nà orí ilẹ̀ gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀. Ó gba Àgbádárìgì dé ibodè Sẹ̀mẹ́, ó wọ ilẹ̀ Benin tí a ń pè ní Dàhòmì látijọ́, ó kọjá ní Kútọnu, ó wọ Tógò ní Hilakondji, ó la Lomé já, ó sì wọ Gánà ní Aflao kí ó tó dorí kọ Accra. Ó lé ní kìlómítà 450. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín òfúrufú àti ilẹ̀ kò tó ohun tí à bá máa pariwo lé lórí, nítorí pé etí òkun ni ọ̀nà náà ń tọ̀, etí òkun ibẹ̀ sì gún gbọọrọ. Ohun tí ó ń jẹ àkókò lórí ilẹ̀ ni ibodè mẹ́ta náà, nítorí pé ibodè kọ̀ọ̀kan ní ẹnu ọ̀nà méjì, ti ìjáde àti ti ìwọlé. Ìgbà mẹ́fà, ó kéré tán, ni màmá yóò nawọ́ ìwé rẹ̀ sí aṣọ́bodè.

Nísinsìnyí, kí ni ó dé tí ọkọ̀ òfúrufú, tí ó lè sá kìlómítà 800 ní wákàtí kan, kò fi lo ààbọ̀ wákàtí fún kìlómítà 400? Ọmọ ilé ìwé tí ó bá mọ ìṣirò pínpín yóò béèrè bẹ́ẹ̀. Ìdáhùn rẹ̀ ni pé eré kìlómítà 800 náà, òkè réré ni a ti ń sá a, níbi tí afẹ́fẹ́ ti fúyẹ́, ọkọ̀ kò sì lè fò lójijì dé ibẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò lè já bọ́ láti ibẹ̀ bí àgbọn. Ìlànà kan wà tí àwọn awakọ̀ òfúrufú mọ̀ sórí: fún ẹgbẹ̀rún ẹsẹ̀ bàtà kọ̀ọ̀kan tí wọ́n fẹ́ sọ̀kalẹ̀, wọ́n a fi máìlì òkun 3 sílẹ̀ fún un. Bí ọkọ̀ bá wà ní 30,000 ẹsẹ̀ bàtà, ó ní láti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀ nígbà tí ó kù ní nǹkan bí máìlì òkun 90. Ẹ jẹ́ kí a ní ó lo 90 mìíràn láti gòkè. Ẹ yọ 180 kúrò nínú 216, 36 ni yóò kù, èyí kò sì gba ọkọ̀ náà ju ìṣẹ́jú 5 lọ. Ìrìn àjò Èkó sí Accra dà bí ẹni tí ó gun Òkè Olúmọ dé góńgó, tí ó kàn wo yíká lẹ́ẹ̀kan, tí ó sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ inú ọkọ̀ tí wọ́n ń pín omi àti bisikíìtì ní láti yára bí ẹni tí òjò ń lé, mo sì máa ń káàánú wọn.

Nítorí náà, nǹkan bí ìṣẹ́jú 40 sí 45 ni ọkọ̀ ń lò lójú òfúrufú gan-an. Èyí tí ó kù nínú wákàtí kan tí wọ́n kọ sínú ìwé ni ìṣẹ́jú tí ọkọ̀ fi ń rìn jẹ́jẹ́ lórí ilẹ̀ lọ sí ojú ọ̀nà tí yóò ti sáré, tí ó fi ń dúró kí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbéra ṣáájú, àti èyí tí ó fi ń wá ibùdúró rẹ̀ lẹ́yìn tí ó bá gúnlẹ̀. Láti ìgbà tí ó bá ti kúrò ní ìdúró ní Èkó títí dé ìgbà tí ó bá dúró pátápátá ní Accra ni ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ń kà. Ìkà bẹ́ẹ̀ tọ́, kò sì sí ẹ̀tàn nínú rẹ̀.

Afẹ́fẹ́ náà ń kó ipa tirẹ̀. Ní àkókò òjò, atẹ́gùn líle a máa fẹ́ láti ìlà-oòrùn sí ìwọ̀-oòrùn lókè ilẹ̀ wa, ó ń ti ẹni tí ń lọ sí Accra lẹ́yìn, ó sì ń kọ ojú sí ẹni tí ń bọ̀ wá sí Èkó. Ṣùgbọ́n lórí ọ̀nà kúkúrú bí èyí, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni gbogbo rẹ̀. Ọyẹ́ ni ó yẹ kí ènìyàn bẹ̀rù ju atẹ́gùn lọ. Nígbà tí kùrukùru ọyẹ́ bá bo ilẹ̀ ní December tàbí January tí awakọ̀ kò rí ojú ọ̀nà dáadáa, ọkọ̀ kì yóò gbéra, kò sì sí ìbínú tí ó lè gbé e. Mo ti jókòó ní pápá kan rí láti òwúrọ̀ títí oòrùn fi yẹ̀ àtàrí, tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún wa pé ọyẹ́ ni. A ń wo ara wa, àwọn ọmọdé ń sunkún, títí tí gbígbàgbọ́ fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣòro. Ìdúró náà kò dùn mí bí ìdákẹ́jẹ́ wọn.

Ó wá ku ìbéèrè tí ó mú wọn figbe ta, èyíinì ni ìṣẹ́jú 10 àti wákàtí 2.

Agogo Gánà jẹ́ ti Greenwich. Agogo tiwa fi wákàtí kan ṣáájú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ó sì ti rí láti ọjọ́ 1 oṣù September ọdún 1919. Ṣáájú ìgbà náà, láti ọdún 1914, ààbọ̀ wákàtí péré ni a fi ṣáájú, ìgbà kan tilẹ̀ wà láàárín ọdún 1905 àti 1908 tí Èkó ń lo agogo Greenwich gan-an. Nígbà tí ó bá lu agogo 10 ní Ìkẹjà, agogo 9 ni ní Accra. Bí màmá bá gbéra ní agogo 10 tí ó lo wákàtí kan àti ìṣẹ́jú 10, agogo 11:10 ni yóò jẹ́ lójú àwa tí a sìn ín, ṣùgbọ́n 10:10 ni àwọn tí wọ́n wá pàdé rẹ̀ yóò rí lára ògiri. Nígbà tí ó bá ń padà, 11:10 ti Accra jẹ́ 12:10 tiwa, ẹ fi wákàtí kan àti ìṣẹ́jú 10 kún un, yóò di 1:20. Iye kan náà ni àlọ àti àbọ̀. Kí àbúrò wa dákun gba alákọsílẹ̀ ìwé ìwọkọ̀ náà láyè. Òfin ni pé wákàtí ìlú tí a ti gbéra ni a ń kọ sí ìgbéra, wákàtí ìlú tí a dé sí ni a sì ń kọ sí ìgúnlẹ̀.

Ohun kan wà nínú ọ̀rọ̀ agogo yìí tí ó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín. Oòrùn fúnra rẹ̀ kò mọ wákàtí kan náà. Ayé ń yí ìwọ̀n kan ní ìṣẹ́jú 4, Èkó àti Accra sì fi nǹkan bí ìwọ̀n mẹ́ta àti ààbọ̀ jìnnà síra láti ìlà-oòrùn sí ìwọ̀-oòrùn. Ìyẹn ni pé ìṣẹ́jú 14 péré ni oòrùn fi ń kan Èkó lórí ṣáájú Accra. Ìjọba ni ó sọ ìṣẹ́jú 14 di 60. Ẹni tí ó bá gba ọ̀nà ilẹ̀ yóò rí i kedere ní Hilakondji, nítorí pé agogo Benin dọ́gba pẹ̀lú tiwa, ti Tógò sì dọ́gba pẹ̀lú ti Gánà. Ènìyàn lè jáde kúrò ní Benin ní agogo 3, kí ó rìn ní ìwọ̀n ibi tí a lè ju òkúta dé, kí ó sì bá agogo 2 ní Tógò. Ìlà Greenwich tí gbogbo ayé fi ń ka agogo sì gba Tema kọjá, nítòsí Accra níhà ìlà-oòrùn. Ọkọ̀ tí ó bá ti Èkó wá ń ré ìlà náà kọjá nígbà tí ó bá kù díẹ̀ kí ó gúnlẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹnikẹ́ni nínú ọkọ̀ tí ó ń mọ̀.

Wàyí o, mo fẹ́ kí ẹ̀gbọ́n àgbà gbọ́ tirẹ̀ pẹ̀lú. Wákàtí kan tí ó ń sọ náà kì í ṣe wákàtí màmá. Láti Ògbómọ̀ṣọ́ dé Ìkẹjà, wákàtí 5 ni kí wọ́n kà, kí wọ́n sì dúpẹ́ bí kò bá jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tí ó ń lọ sí ìlú òkèèrè ní láti dé pápá ní wákàtí 3 ṣáájú ìgbéra. Ẹ fi wákàtí kan ti ọkọ̀ kún un, ẹ fi wákàtí kan ti àyẹ̀wò ìwé àti gbígba ẹrù ní Accra kún un, àti wákàtí kan títí dé ilé ọmọ. Mọ́kànlá ni mo kà. Bí wọ́n bá fẹ́ ṣe gbogbo rẹ̀ ní ọjọ́ kan, òru ni màmá yóò jí. Ó yẹ kí ó sùn sí Èkó mọ́jú.

Ẹ ronú pé ní ọdún 1947, nígbà tí ilé iṣẹ́ West African Airways Corporation bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ọkọ̀ kékeré Dove tí wọ́n ń wà kò gbà ju ènìyàn mẹ́jọ sí mọ́kànlá lọ. Bí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ bá gba ọ̀nà Èkó sí Accra, nǹkan bí wákàtí kan àti ààbọ̀ ni yóò lò. Ọkọ̀ ti ìsinsìnyí ń sáré tó ìlọ́po mẹ́ta rẹ̀, síbẹ̀ kò gbà wá ju ààbọ̀ wákàtí lọ, ìlà gígùn tí a ń tò ní pápá sì ti jẹ ìyẹn pẹ̀lú èlé. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ìrọ̀rùn tòótọ́ ni kí ó béèrè lọ́wọ́ àwọn tí wọ́n bá ọkọ̀ ojú omi lọ. Ọkọ̀ tí ń rin máìlì òkun 12 ní wákàtí kan yóò lo bí wákàtí 18 láti Èkó, kò sì ní lè sún mọ́ èbúté ní Accra kí wọ́n tó ṣí èbúté Tema ní ọdún 1962. Inú àga bí àpótí ni wọ́n ti ń fi okùn sọ èrò kalẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ ńlá sínú ọkọ̀ ọ̀pá, ìgbì a sì máa gbé wọn sókè sódò títí wọn yóò fi dé iyanrìn.

Ní ti màmá, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni mo bọ̀wọ̀ fún jù nínú ìwé náà. Àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà, Ìnísà, Ṣakí àti Ìlọrin ti fi ọjà Gánà ṣe ilé tipẹ́tipẹ́, títí di oṣù November ọdún 1969 tí ìjọba Dókítà Busia pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú jáde láàárín ọ̀sẹ̀ 2. Ọ̀dọ́mọbìnrin ni màmá nígbà náà, orí ẹrù nínú lọ́rì ni ó sì jókòó sí bọ̀ wálé. Nígbà tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá sọ pé òun mọ ọ̀nà, kí ọmọ má ṣe sọ pé “Màmá, ẹ kò mọ̀.” Ó mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n eékún tí ó fi mọ̀ ọ́n kọ́ ni eékún tí ó ní lónìí. Ẹnu ọ̀nà mẹ́fà, sísọ̀kalẹ̀ àti gígòkè, ìdúró nínú oòrùn, àti ọ̀nà tí ìjọba lè tì nígbàkigbà: ẹ rántí pé láti August 2019 títí di December 2020 ni Nàìjíríà fi ti ibodè Sẹ̀mẹ́. Bí ó bá gba ọ̀nà ilẹ̀, ó lè dé Accra ní alẹ́ ọjọ́ kejì pẹ̀lú ẹsẹ̀ wíwú, a ó sì ní ènìyàn méjì láti tọ́jú nínú ilé abiyamọ náà dípò ọ̀kan.

Nítorí náà ìdájọ́ mi ni pé kí màmá wọ ọkọ̀ òfúrufú. Kì í ṣe nítorí wákàtí kan tí ẹ̀gbọ́n ń pariwo rẹ̀, bí kò ṣe nítorí pé nínú wákàtí mọ́kànlá wọ̀nyí, ìjókòó ni ó pọ̀ jù níbẹ̀, àti nítorí pé pápá a máa ní àga tí a fi kẹ̀kẹ́ sí lẹ́sẹ̀ fún àgbàlagbà, bí a bá béèrè fún un nígbà tí a ń ra ìwé ìwọkọ̀. Kí wọ́n má ṣe dúró di ẹnu ọ̀nà ọkọ̀ kí wọ́n tó béèrè. Owó náà le, èmi kò ní fi ojú kéré rẹ̀, apá kan tí kò kéré nínú rẹ̀ ni ó sì jẹ́ owó orí àti owó pápá tí kì í wọ àpò ẹlẹ́rọ. Kí àwọn ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dá a, àti ana tí ó ń retí ọmọ pẹ̀lú.

Mo sì rí iṣẹ́ fún àbúrò tí ó fẹ́ràn ọ̀nà ilẹ̀. Kìlógíráàmù 23 ni ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ń gbà fún àpótí kan, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀yin àti èmi mọ ohun tí ìyá tí ń lọ wẹ ọmọ máa ń dì: èlùbọ́, ẹ̀gúsí, iṣu, ọṣẹ dúdú, àdí, odò àti ọlọ bí ó bá rí ẹni gbé e. Kí àbúrò kó ẹrù wọ̀nyí gba Sẹ̀mẹ́ lọ ní ọjọ́ 2 ṣáájú màmá, kí ó sì dúró dè é ní pápá Accra. Kí ó mú ìgò àgbo náà pẹ̀lú, nítorí pé bí màmá bá gbé e sínú àpò ọwọ́, omi tí ó bá ju 100 mílílítà lọ ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ èrò, mo sì ti rí ìyá kan tí ó fi omijé jẹ́rìí sí i. Olúkúlùkù wọn gbọ́dọ̀ ní ìwé ìrìnnà àti káàdì abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú. Wọn kò nílò ìwé àṣẹ ìwọ̀lú, nítorí pé ọmọ ilẹ̀ ECOWAS ni wá, a sì láàyè láti gbé Gánà fún ọjọ́ 90. Kí màmá ka ọjọ́ náà dáadáa bí ọmọ-ọmọ bá dùn mọ́ ọn jù.

Ó ku oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí wọ́n ní màmá ń lò ní agogo 8 òwúrọ̀. Kí wọ́n béèrè lọ́wọ́ dókítà rẹ̀ kí ó tó gbéra, bóyá kí ó máa lò ó ní agogo 7 ti Accra, èyí tí í ṣe 8 tiwa, tàbí kí ó kàn tẹ̀lé agogo ilé tí ó wà. Agogo ọwọ́ rẹ̀ kì yóò yí ara rẹ̀ padà, ṣùgbọ́n fóònù ọmọ rẹ̀ yóò ṣe é. Nígbà tí wọ́n bá sì ń pè é láti Ògbómọ̀ṣọ́ ní agogo 6 ìdájí, kí wọ́n rántí pé 5 ni lọ́hùn-ún, ìyá àti ọmọ tuntun sì lè ṣẹ̀ṣẹ̀ rí oorun sùn. A ń retí ìwé wọn mìíràn nígbà tí ọmọ bá dé, kí wọ́n sì jọ̀wọ́ kọ wákàtí tí a bí i, àti agogo ìlú tí wọ́n fi kà á.